Kaduna àti Balbriggan: Ìlú Aláṣọ Méjì, Ojú Irin Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ará Kaduna wà lóde òní, ẹ má wulẹ̀ lọ sí Kakuri tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ lọ dúró sí ẹnu géètì ibùdókọ̀ ojú irin Rigasa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa já èrò sílẹ̀ láìdákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ta kòkó àti kósáí, ìyẹn ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, á ti dá iná. Ẹ ó rí ọkùnrin tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká lórí babanríga, ẹ ó rí obìnrin tó to ike ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú àpò. Òmíràn nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òmíràn wà ní báńkì, òmíràn ń lẹ táìlì nílé àwọn olówó ní Maitama. Abuja ni gbogbo wọn ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní padà wálé àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ le nínú wọn ti lọ láti ọjọ́ Àìkú. Aya, ọmọ àti ilé wà ní Kaduna. Ibi tí owó ti ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba kìlómítà síbẹ̀.

Kì í ṣe Kaduna nìkan ló ń gbé irú ayé yìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Írẹ́lándì, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Balbriggan, létí òkun ní àríwá Dublin. Èmi tí mo dàgbà sí Kakuri, tí n kò rí omi tó fẹ̀ ju odò Kaduna lọ títí mo fi di géńdé, òkun ni mo rò pé mo fẹ́ lọ wò. Òkun náà ni mo sì kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, ìtàn ìlú náà ti gbà mí lọ́kàn ju òkun rẹ̀ lọ. Aṣọ ló ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aṣọ kò bọ́ wọn mọ́, ojú irin ló gba ìlú náà sílẹ̀. Àwa náà, aṣọ bọ́ wa rí. Ojú irin ni kò tíì gbà wá.

Láti ibùdókọ̀ Connolly ní àárín Dublin dé Balbriggan, ọkọ̀ ojú irin kì í lò tó wákàtí kan. Ó ń bá etí òkun lọ, débi pé ní ibì kan, ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún kò ní rí nǹkan mìíràn bí kò ṣe omi. Nítòsí ibùdókọ̀ Balbriggan, afárá olókùúta gíga kan gbé ojú irin kọjá lórí èbúté. Láti 1844 ni ọkọ̀ ti ń gba ibẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà irin Dublin sí Drogheda. Ọkọ̀ ń sáré lókè, ọmọdé ń fi yanrìn ṣeré nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ apẹja so mọ́lẹ̀ nítòsí ilé iná kan tó ti ń tanná fún ọkọ̀ òkun láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Oṣù keje ni mo lọ, ìgbà ooru wọn ni wọ́n pè é, síbẹ̀ kóòtù ni mo wọ̀ lọ sí etíkun. Àwọn ará ibẹ̀ bọ́ aṣọ, wọ́n bẹ́ sómi. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí Kaduna.

Nọ́ọ̀sì ni àǹtí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti dé Balbriggan, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, àní fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn kan ní Dublin ló ń lọ. Ó ń jí, ó ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó ń wọ ọkọ̀, ó ń padà wá se oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo bi í pé, "Àǹtí, ẹ ò ṣe kúkú máa gbé Dublin?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó ilé Dublin dà? Ibí ni mò ń sùn, ibẹ̀ ló ń fún mi lówó. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa tó ń wí yìí pọ̀ o. Lójú pópó Balbriggan, mo rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gaàrí, èlùbọ́ àti pánla. Ọmọ kékeré kan, tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi ní "Ẹ káàsán sà", pẹ̀lú ohùn Dublin tó lọ́ bí okùn. Ìyá rẹ̀ wò mí bóyá mo máa yìn ín. Mo yìn ín. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Írẹ́lándì ní 2016, 21,722 ni wọ́n kà ní Balbriggan, ó sì wà lára àwọn ìlú tí ọjọ́ orí ará ibẹ̀ kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tọkọtaya tí owó ilé Dublin lé jáde ló kún ibẹ̀, òyìnbó àti ènìyàn dúdú, pẹ̀lú ọmọ wẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí kò sì rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò tí àǹtí mi dé, ọmọ tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ Írẹ́lándì, ọmọ Írẹ́lándì ni, láìka ibi tí òbí rẹ̀ ti wá sí. Ní oṣù kẹfà 2004, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò lórí rẹ̀, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀tọ́ náà dópin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2005, òfin ti yí. Lẹ́yìn náà ni ti ilé ìwé wá. Ìjọ Kátólíìkì ló ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, ọmọ tó ní ìwé ìrìbọmi ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbà bí àyè kò bá tó. Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án 2007, ọmọ àwọn ará Áfíríkà ní Balbriggan ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò rí àyè. Ìjọba sáré dá ilé ìwé kan sílẹ̀ fún wọn lábẹ́ àjọ Educate Together, kíláàsì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ọmọ dúdú. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé, ojú sì ti ọ̀pọ̀ ará Írẹ́lándì. Ó di 2018 kí òfin tó gba ọ̀rọ̀ ìrìbọmi kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Kátólíìkì. Ní 2007 tí ọ̀rọ̀ yìí gbóná yẹn náà ni Rotimi Adebari, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wá wá ààbò síbẹ̀ ní 2000, di olórí ìlú Portlaoise, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Portlaoise náà, ìlú tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ṣiṣẹ́ ní Dublin ni.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ má baà rò pé párádísè ni mo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìjà náà dá lé lórí: àyè nínú ilé ìwé. Ìlú tí ènìyàn ń sùn sí gbọ́dọ̀ gba ọmọ wọn, bó fẹ́ bó kọ̀, nítorí pé ọmọ kì í bá bàbá wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Aṣọ wá ńkọ́? Ìbọ̀sẹ̀ ni Balbriggan fi gbajúmọ̀. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ilé iṣẹ́ Smyth ti ń hun ún, olówùú tó fẹ́lẹ́ tó sì dán, Ọbabìnrin Victoria sì wà lára àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Orúkọ ìlú náà rìn jìnnà débi pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú tí wọ́n kàn ń pè ní balbriggan, láìjẹ́ pé ẹni tó ń rà á mọ ibi tó wà. Ní alẹ́ ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án 1920, lásìkò tí àwọn ará Írẹ́lándì ń jà fún òmìnira, wọ́n pa ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Balbriggan. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Black and Tans ya wọ ìlú náà, wọ́n pa ọkùnrin méjì, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì sun ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ pé ará Ìlú Ọba gan-an ló ni ín. Èyí tó kù náà kógbá sílé nígbà tó yá. Lónìí, ẹni tó bá wọ ìbọ̀sẹ̀ ní Balbriggan, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti hun ún.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Kaduna bíi tèmi. Bàbá mi bá ojú irin gòkè láti Ọ̀fà ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó wà ní Kaduna. Ojú irin ló bí Kaduna fúnra rẹ̀. Ọ̀nà Baro sí Kano, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1907 tó sì dé Kano ní 1911, ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà láti Èkó wá bá a pàdé ní Minna. Ìjọba Lugard kó olú ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀, 1917 sì ni wọ́n ń kà sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Nígbà tí irin Port Harcourt náà wá já síbẹ̀, Kaduna Junction mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu. Akọ̀wé láti Abẹ́òkúta, oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀fà, wọ́n wà ní Tudun Wada, ní Sabon Gari, ní Kakuri, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n bímọ tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Ẹ má wo mí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn irin ni aṣọ dé. Sardauna Ahmadu Bello fẹ́ kí òwú Àríwá di aṣọ ní Àríwá, ìjọba rẹ̀ sì bá ilé iṣẹ́ David Whitehead láti Lancashire dòwò pọ̀. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textile Limited (KTL) bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ní 1957. Arewa Textiles tẹ̀ lé e, ti àwọn ará Jàpáànù. United Nigerian Textiles (UNTL) dé ní àwọn ọdún 1960, ti ìdílé Cha láti Hong Kong. Aṣọ Kakuri dé Gbági ní Ìbàdàn, ó dé Balógun ní Èkó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún gbogbo ilé iṣẹ́ náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé: tẹ́ksítáìlì. "Tẹ́ksítáìlì ni bàbá ẹ̀ wà." Bí fèrè iṣẹ́ òru bá dún, alákàrà á mọ̀ pé oníbàárà ń bọ̀.

Kí ló pa á? Ẹ bi ẹni márùn-ún, ẹ ó gbọ́ ìdí márùn-ún, gbogbo wọn sì ní òótọ́ nínú. Iná ìjọba kò dúró. Epo dúdú tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ wọ́n. Aṣọ fàyàwọ́ láti Ṣáínà gba ẹnu ibodè wọlé, àwòrán ara aṣọ wa gan-an ni wọ́n dà sí i lára. KTL tì pa ní 2002, UNTL tẹ̀ lé e ní 2007. Wọ́n tún ṣí UNTL padà ní òpin 2010, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Elisha Renne, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ènìyàn ará Amẹ́ríkà tó ti kọ̀wé lórí aṣọ àwọn Bùnú rí, tẹ ìwé kan jáde ní 2020 lórí àwọn òṣìṣẹ́ KTL tó kú láìrí owó ìdágbére wọn gbà, àti lórí àwọn opó wọn. Ìwé tó le kà ni, pàápàá fún ẹni tó mọ àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn opó yẹn ló di ẹni tó ń ta nǹkan kéékèèké lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ wọn sì wá iṣẹ́ lọ sí Abuja.

Ibí ni Balbriggan àti Kaduna ti yà. Nígbà tí aṣọ kú lọ́hùn-ún, irin 1844 ṣì wà níbẹ̀, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, òṣìṣẹ́ kàn yí ojú sí Dublin ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú irin àtijọ́ àti tẹ́ksítáìlì jọ dùbúlẹ̀ àìsàn ní sáà kan náà. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Abuja, ọ̀nà títì nìkan ló kù fún un, ọ̀nà yẹn sì di ti ajínigbé. Àwọn orúkọ abúlé bíi Rijana àti Katari, tí a kì í kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, di ohun tí ènìyàn ń gbàdúrà kọjá.

Ìdí nìyẹn tí ayọ̀ wa fi pọ̀ ní oṣù keje 2016 tí Ààrẹ Buhari ṣí ọ̀nà irin Abuja sí Kaduna. Kìlómítà 186.5 ni, ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ló ṣe é, owó tí a yá ní Ṣáínà sì wà nínú rẹ̀. Wákàtí méjì ó lé díẹ̀, ó gbé ọ dé ibùdókọ̀ Idu ní Abuja. Nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Abuja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní 2017 láti tún un ṣe, Kaduna ni ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, irin ló sì ń kó ọ̀pọ̀ èrò lọ. Mínísítà wọ̀ ọ́, alágbàṣe wọ̀ ọ́. Ilé yíyá ní Kaduna fúyẹ́ púpọ̀ ju ti Abuja lọ, ẹni tó bá mọ ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdílé rẹ̀ padà.

Alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2022 ni gbogbo rẹ̀ dà rú. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kúrò ní Idu, kò dé Rigasa. Àwọn agbébọn fi ohun abúgbàù gbá ojú irin, wọ́n yìnbọn, ó kéré tán ènìyàn mẹ́jọ kú, wọ́n sì kó àwọn tó lé ní ọgọ́ta wọ inú igbó. Oṣù kẹwàá ni àwọn mẹ́tàlélógún tó kẹ́yìn tó jáde. Ọkọ̀ kò rìn fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó padà ní oṣù kejìlá 2022, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN di dandan kí ènìyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yọ ìrìn alẹ́ kúrò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde láti Rigasa. Ó di aago mẹ́wàá kọjá kó tó dé Idu. Idu kì í sì í ṣe àárín ìlú Abuja. Ní oṣù kẹjọ 2025, ọkọ̀ kan yọ lórí irin ní Asham lójú ọ̀nà yìí, ìrìn-àjò tún dúró fún ìgbà díẹ̀.

N kò dá ẹni tó yọ ìrìn alẹ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ yẹn ló sọ wá di ohun tí a jẹ́. Kò sí ọ̀gá tó máa gbà kí akọ̀wé wọlé ní aago mọ́kànlá lójoojúmọ́. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ Kaduna háyà yàrá kan ní Kubwa tàbí ní Dei-Dei ní Abuja, ó ń sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì. Àǹtí mi ń rí ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́. Bàbá tí ilé rẹ̀ wà ní Barnawa ní Kaduna ń rí tirẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, bí irin bá rìn.

Ó tún kan owó, ibi tí n kò tíì gbọ́ kí àwọn olóṣèlú wa pariwo sí nìyí. Ní Írẹ́lándì, ìjọba orílẹ̀-èdè ló ń gba owó orí lórí owó oṣù. Bí àǹtí mi ṣe ń sùn ní Balbriggan, Dublin kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè lórí rẹ̀. Láti 2013 sì ni onílé níbẹ̀ ti ń san owó lórí ilé rẹ̀, tí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé náà wà. Ìlú tí wọ́n ń sùn sí ń rí nǹkan gbà lórí orun wọn. Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ń gba owó orí oṣù rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó dára? Ẹ dúró ná. Òfin owó orí ti 1993, tí àwọn agbowó orí fi ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi tún òfin kọ ní 2025, sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ní ibùgbé ju ẹyọ kan lọ, èyí tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ jù ni wọ́n máa kà. Yàrá kan ṣoṣo ní Kubwa, tí kò ní ju ibùsùn àti fáànù lọ, borí ilé oníyàrá mẹ́rin ní Barnawa. Abuja gba iṣẹ́ rẹ̀, ó gba owó orí rẹ̀. Kaduna tọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀, ó ń tún títì tó gbà lọ sí Rigasa ṣe.

Ọ̀nà Rigasa yẹn náà ò! Ẹni tó ń bọ̀ láti Sabon Tasha tàbí Gonin Gora gbọ́dọ̀ la gbogbo ìlú já, kó sọdá odò, kó wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kó tó dé ibi tí irin wà. Bẹ́ẹ̀, Junction àtijọ́ wà láàárín ìlú, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Láti 2021 ni wọ́n ti ń kọ́ irin tuntun láti Kaduna dé Kano. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Kano ló ń sọ. Èmi, aago ni mò ń wò. Kí ọkọ̀ kan kúrò ní Rigasa ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí òmíràn kúrò ní Idu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó tó àti ọkọ̀ tó ń lọ ṣáájú láti yẹ ojú irin wò. Owó ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá Barnawa bá lè lọ kó sì bọ̀ lójúmọ́, yóò dá kọ́kọ́rọ́ yàrá Kubwa padà fún onílé, ilé ẹyọ kan ni òfin máa bá lọ́wọ́ rẹ̀, owó orí rẹ̀ á sì bá a wọ ọkọ̀ padà wá sí Kaduna. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè mú ìṣirò yẹn lọ síwájú ilé iṣẹ́ ojú irin, kí wọ́n jọ bi ara wọn ta ló yẹ kó san owó ẹ̀ṣọ́ náà.